Ẹni Tó Ń Ka Igbe Ọ̀fàfà

Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe, bí ẹ bá sọ ọ́ fún èèyàn mẹ́wàá, mẹ́sàn-án á rẹ́rìn-ín, ẹnì kẹwàá á ní kí ẹ tún un sọ. Etí ló fi ń jẹun. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ igbó ìjọba ló gbà á, ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé, pé kó máa lọ jókòó sínú igbó ní àṣálẹ́, kó máa ka igbe ọ̀fàfà. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, èmi kọ́ ni mo dá iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ọ̀fàfà, tí àwọn mìíràn ń pè ní òwàwà, ni ẹranko onírun yẹn tó tó ológbò tó yó dáadáa, tí kò ní ìrù, tó ń gbé inú ihò igi. Ojú kì í sábà rí i. Ní ọ̀sán, ó ti sùn sínú ihò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ti wà lórí igi gíga tó ń jẹ ewé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ ní kékeré. Bí ẹyọ kan bá ké, ẹ ó rò pé wọ́n ń fún ẹnìkan lọ́rùn ni: á bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á máa lọ sókè, á máa lọ sókè, títí á fi di ariwo burúkú. Akọ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń ké tirẹ̀, bí ohùn èmi àti ẹ̀yin kò ṣe jọra. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó wà nínú igbó, etí ló máa fi kà á, kì í ṣe ojú.

Ọkùnrin wa yìí sì ní etí. Nígbà tó wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó lè jókòó sí ẹsẹ̀ òkè kó sọ fún yín pé mẹ́tàdínlógún ló ké, pé méjì nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá ni, pé baba arúgbó kan tó máa ń húkọ́ láàárín igbe kò ké lónìí, bóyá ara rẹ̀ kò yá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Etí-Ehoro. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an fi ń pè é, kí Ọlọ́run tó pe obìnrin náà sọ́dọ̀.

Yàrá kan ló ń gbé lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀, àti sítóòfù, àti kẹ́tù tó ń súfèé bí omi rẹ̀ bá hó, àti tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tó fi páálí dì. Àga méjì ló ní. Ọ̀kan nínú wọn kò rí ìdí èèyàn láti ọdún mẹ́fà, aṣọ ló ń kó sí i. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, obìnrin, ti lọ sílé ọkọ ní ìlú tó jìnnà, ó sì máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Lórí pẹpẹ, àwọn ìwé iṣẹ́ rẹ̀ tò síbẹ̀, ìwé kan fún ọdún kan. Bí ọ̀fàfà kan bá ké, á fa ìlà kan. Iṣẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í dà á. Kò dà á lójijì. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ló kọ́kọ́ lọ, ó sì rò pé ẹyẹ ló dínkù. Lẹ́yìn náà ni kẹ́tù dẹ́kun àtimáa súfèé. Ó dá kẹ́tù lẹ́bi, ó ra òmíràn, òmíràn náà ya odi. Ẹ gbà mí o! Èèyàn ń ra kẹ́tù sí àìsàn etí! Ẹni tó bá dúró kọjú sí i, tó sì la ẹnu dáadáa, ó ń gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń fi ojú ka ìyókù lẹ́nu onítọ̀hún. Bó ṣe ń bá ayé lọ nìyẹn, tí kò sí ẹni tó fura.

Níkẹyìn ló lọ jókòó sí ẹsẹ̀ òkè ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, tí gbogbo igbó pa lọ́lọ́. Ọjọ́ kejì, pa lọ́lọ́. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, ó ní àwọn ọdẹ ti pa wọ́n tán. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀ṣọ́ igbó kan ń gba ibẹ̀ kọjá, tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ara rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, àwọn èèyàn yín mà ń pariwo lónìí o!"

Ariwo wo? Etí-Ehoro wo òkè igi, ó tún wo ẹnu ẹ̀ṣọ́. Ó ní, "Àbí ẹ ò rí nǹkan, wọn ò jẹ́ kí n sinmi," ó sì fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé. Ìlà mẹ́rin yẹn ni irọ́ àkọ́kọ́ tó kọ láti ọjọ́ tó ti ń kọ̀wé.

Kí ló dé tí kò sọ? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Etí-Ehoro tí kò gbọ́ràn! Wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á gba iṣẹ́, wọ́n á gba yàrá, wọ́n á ní kó lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní ilé ọkọ. Níbo ni bàbá tó ní ìtìjú máa gbé ojú sí? Ló bá di pé lóṣooṣù, á ṣí ìwé ọdún tó kọjá, á fi ẹyọ kan kún ti ibí yìí, á yọ ẹyọ kan kúrò nínú ti ọ̀hún, kó lè jọ òótọ́. Ó ń lọ sínú igbó o. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, á jókòó sí ojú ibi tó yẹ, á dúró títí àkókò á fi pé, á sì padà sílé láìgbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àgbà kan kò sọ ọ́ fún un lọ́dún yẹn, òun náà kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ti fóònù ló burú jù. Ó máa ń fi í lé etí, á sì máa dá ọmọ rẹ̀ lóhùn: "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa. A dúpẹ́." Ohun tí ọmọ sọ, òun kò mọ̀, bó ń rẹ́rìn-ín ni, bó ń sunkún ni, kò mọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ní "Ẹ̀n-ẹ́n, ó dáa" sí ọ̀rọ̀ kan, ó sì rí i pé ojú fóònù ti kú pì. Oṣù méjì gbáko ni ọmọ náà kò fi pè. Títí dòní, kò mọ ohun tó ní ó dáa sí. Ó rántí pé nígbà kan, àwọn èèyàn ọ́fíìsì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti bá a ṣàwàdà. Wọn kì í dúró mọ́. Ó gbà pé àgbà ti dé ni, pé àwọn èèyàn ti sú u, tàbí pé òun ló ti sú wọn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tí mò ń sọ yìí wá le. Iná bẹ́ sínú igbó láti ìhà àfonífojì, ó jó fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sì sí ẹni tó mọ ọwọ́ tó ṣáná sí i. Òkè kò jó. Àfonífojì, níbi tí àwọn igi ńláńlá ti wà lẹ́bàá odò, ló jó.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹranko orí igi kò ní nǹkan kan í bá iná ilẹ̀ ṣe. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹtu sáré, ó là. Ẹyẹ fò, ó là. Ọ̀fàfà kò mọ̀ ju ohun kan lọ: bí ẹ̀rù bá bà á, á gòkè, á wọ ihò, á dákẹ́. Ìyẹn ló ti ń gbà á lọ́wọ́ ẹkùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Iná kì í sì í ṣe ẹkùn. Igi tó ní ihò láti ìdí dé òkè, bí iná bá wọ ìdí rẹ̀, atẹ́gùn á fà á sókè bí èéfín ṣe ń gba ihò ilé ìdáná jáde. Ibi tí ẹran náà sá sí gan-an ló ń jó o.

Èyí tí iná kò bá pa, ebi ń dúró dè é. Ewé ti jó. Àwọn ẹ̀ka tó so igi kan mọ́ èkejì, tó jẹ́ ojú títì fún ọ̀fàfà àti ọ̀kẹ́rẹ́ àti ọ̀bọ, gbogbo rẹ̀ ti já. Ó di dandan kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lórí ilẹ̀ tó funfun fún eérú, níbi tí ajá àti àṣá ti ń rí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Etí-Ehoro rí òkú ọ̀kẹ́rẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ kan, tí irun wọn kò jó rárá. Kì í ṣe iná ló pa wọ́n, ohun tó tẹ̀lé iná ni.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Ọkùnrin tí kò tí ì pé ogójì ọdún ni, kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn máa ń kánjú. Ó ní àwọn igi tó jó ní àfonífojì lè wó lu èèyàn, pé agégẹdú kan ti gbà láti gé gbogbo wọn, pé ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Agégẹdú náà jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ikùn rẹ̀ tó abọ́ omi, ó ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni iná yẹn bu ẹwà fún, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Ẹnìkan bèèrè pé àwọn ẹranko ńkọ́. Ọ̀gá gbé ìwé kan sókè. Etí-Ehoro mọ èèpo ìwé náà kó tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọ̀gá ní, "Ìwé Bàbá rèé. Ní òkè, mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ní àfonífojì, mẹ́tàdínlógún péré. Ti àfonífojì ti jóná, kò sí ohun tí a lè ṣe. Ṣùgbọ́n ti òkè wà digbí, wọ́n á bí sí i, wọ́n á tún kún ibẹ̀. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bàbá?" Gbogbo ojú yí sí i. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mi orí, àbùṣe bùṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé yàrá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, kò lè dáná. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Òun ló kọ ọ́. Ta ló kà á?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti gun òkè. Ọ̀fàfà ní ìwà kan tó dára ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ: ojú kan náà ló ń ṣu sí, ní ìdí igi tó bá ń gbé. Imí náà kò lè sọ iye wọn fún èèyàn, nítorí ẹ lè bá òkìtì kan kí ó jẹ́ ti ẹyọ kan tàbí ti ìdílé. Ṣùgbọ́n ó lè sọ bóyá ẹnìkan wà nílé. Etí-Ehoro lọ láti ìdí igi dé ìdí igi. Imí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbẹ, ó ti di eruku. Bó ti fi igi kàn án ló ń fọ́. Ó wo ogójì igi, kò rí ọ̀kan tó tutù. Lára igi kejìlélógójì ló ti rí okùn wáyà tí wọ́n fi dẹ ìdẹ̀kùn, tó ti dípẹtà. Ó rí òmíràn. Ó rí mẹ́sàn-án kó tó dẹ́kun kíkà.

Ó wá yé e. Àwọn tó ń dẹ ìdẹ̀kùn ti kó òkè náà tán, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọdún mẹ́ta yìí. Nígbà tí wọ́n ń kó wọn, ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ wọn jókòó sábẹ́ igi, ó ń fa ìlà. Ká ní ó sọ pé òun kò gbọ́ràn ni, wọn ì bá ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀, onítọ̀hún ì bá sì ti gbọ́ pé igbe ń dínkù. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó sunkún bí ọmọdé. Kò mọ bóyá ó sun ún sókè tàbí ó sun ún sínú.

Láti ibẹ̀ ló ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì, kì í ṣe pé ó retí nǹkan kan. Gbogbo ibẹ̀ dúdú. Eérú dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìdí igi ńlá kan lẹ́bàá odò, ó rí i: imí, rodorodo, tútù, lórí eérú funfun. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó ṣe é bí ẹni rí wúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Igi náà jó lára, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ wà lókè pátápátá, ìdí rẹ̀ kò lu. Iná kò rí ọ̀nà gbà wọlé. Ó wá òmíràn, ó rí i. Nígbà tí oòrùn fi dé àárín orí, ó ti rí igi mẹ́sàn-án. Ní òkè odò, díẹ̀ nínú wọn ti ń rúwé wẹ́wẹ́ láti ara èèpo tó jó. Àwọn tó kù nínú gbogbo igbó náà, ibí yìí ni wọ́n kù sí. Àmì ọ̀dà pupa tó ní kí wọ́n gé e sì wà lára igi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

Ó lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì pẹ̀lú eérú lẹ́sẹ̀. Ó sọ nípa imí tútù. Ọ̀gá tẹ́tí sí i, ó sì fi sùúrù dá a lóhùn: "Bàbá, mo gbọ́. Bóyá méjì mẹ́ta kù níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a ò lè torí méjì mẹ́ta fi igi jíjó sílẹ̀ kó wó pa èèyàn. Mẹ́rìnléláàádọ́ta wà ní òkè. Ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé náà..." Ó nu eérú ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. "Ìwé náà ti pẹ́ díẹ̀."

"Oṣù tó kọjá lẹ kọ ọ́, Bàbá." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kó lọ sinmi. Ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ń bá a jà yìí, kò sì mọ ibi tó máa dì mú lára rẹ̀.

Ìyá Onígbálẹ̀ ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó jáde. Obìnrin yìí ti ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì náà fún ọdún mọ́kànlá, opó ni, ó lẹ́nu, kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Etí-Ehoro dúró níwájú rẹ̀. Ó nílò etí ẹnìkan kó tó ba ayé ara rẹ̀ jẹ́, etí tó máa dá òun lójú. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sí òkè nírọ̀lẹ́ òní."

Obìnrin náà tẹ ìgbálẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Èmi? Èmi tí mò ń kí yín 'Ẹ káàárọ̀, Bàbá' láti ọdún méjì, tí ẹ ń kọjá lára mi bí ẹni tó ń kọjá lára òpó? Lónìí ni mo wá di Ìyá? Gbogbo wa la ti jọ sọ ọ́ níbí, pé Bàbá yìí ti gbéra ga, a ò tó èèyàn lójú ẹ̀ mọ́. A ní kò burú, ẹni tí kò fẹ́ wa, àwa náà á yàgò fún un."

Ó rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu obìnrin náà, ọ̀rọ̀ kan kò bọ́. Ọdún méjì. Wọ́n ti ń kí i! Kì í ṣe pé ó sú wọn. Láàárọ̀, ní ọ̀sán, lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti ń kí i, òun ló ń gbé wọn jù sílẹ̀ bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kò kọ́.

Ó ní, "N ò gbọ́ ni."

"Kí lẹ ò gbọ́?"

"Ohunkóhun. Ó ti di ọdún mẹ́ta. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Bàbá! Tí a sì ń bú yín kiri!" Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ọ̀rọ̀ sí i létí, bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnìkan ya adití. Etí-Ehoro ní kó rọra, kó kàn máa kọjú sí òun.

Wọ́n lọ ní àṣálẹ́. Wọ́n jókòó sí òkè fún wákàtí kan, òun ń wo obìnrin náà, obìnrin náà ń mi orí: kò sí. Wọ́n sún síwájú, wọ́n tún jókòó. Kò sí. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, obìnrin náà dúró, ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, sí ìhà àfonífojì. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ara rẹ̀ kó lè rí i. "Ó dà bíi pé mo gbọ́ nǹkan níbẹ̀ yẹn. Ó jìnnà. N ò lè búra."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ti Etí-Ehoro kò pé ogún. Láàárọ̀ ọjọ́rú, ó kó ìwé ọdún mẹ́ta lọ sórí tábìlì ọ̀gá, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ọmọkùnrin tó lè bí. Ó ní etí òun ti di. Ó ní irọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí nǹkan kan ní òkè mọ́, àwọn tó kù wà nínú igi tí wọ́n fẹ́ gé lọ́la.

Ọ̀gá dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin. "Bàbá, ìwé yìí ni mo fi ń jẹ́rìí fún àwọn tó wà lókè mi. Ọdún mẹ́ta lẹ fi parọ́ fún mi. Kí ni mo fẹ́ fi gba èyí tí ẹ ń sọ lónìí gbọ́?"

"Ẹ má gba èmi gbọ́. Ẹ wá fi etí ara yín gbọ́ ọ."

"Màá wá. Bí n ò bá gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á gé e láàárọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ o, n ò gbọ́ o, iṣẹ́ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ní òpin oṣù, ẹ máa kó kúrò ní yàrá."

Ó ní ẹ ṣeun. Kí ni kó tún sọ?

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn mẹ́ta jókòó sórí ìtì igi kan tó jó ní àfonífojì: ọ̀gá lápá ọ̀tún, Ìyá Onígbálẹ̀ lápá òsì, òun láàárín. Wọ́n gbé fìtílà kékeré kan sílẹ̀ níwájú wọn nítorí tirẹ̀, kó lè máa rí ojú. Ilẹ̀ ṣú. Ọ̀gá ń gbọn eérú kúrò lára ṣòkòtò. Àkókò ń lọ. Etí-Ehoro mọ̀ pé bí ọ̀fàfà bá gbóòórùn èèyàn tí ẹ̀rù sì bà á, ó lè pa ẹnu mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ta ló sì tún máa fòyà bí ẹni tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lé? Ó ń bẹ̀ wọ́n nínú ọkàn. Ẹ ké. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ké. Ó wo ojú ọ̀gá: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà: ó di ojú pọ̀, ó ń gbàdúrà.

Ọ̀gá wo aago. Ó tún un wò. Ó mi orí, ó fi ọwọ́ lé eékún, ó ń dìde.

Kò dìde tán. Ó dúró lórí ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyá Onígbálẹ̀ di ọwọ́ Etí-Ehoro mú, ó fún un débi pé ó dùn ún dé egungun. Àwọn méjèèjì gbé ojú sókè sí igi kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà wọ́n yí sí òmíràn, sí ìhà odò. Lẹ́yìn náà sí ẹ̀yìn. Ọ̀gá tó ti ń gbé inú ọ́fíìsì láti ìgbà tí wọ́n gbé e wá, tí kò jókòó sínú igbó ní àṣálẹ́ rí, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ dé láti ìrìn àjò. Ó mú fóònù, ó pe agégẹdú. Etí-Ehoro ń wo ẹnu rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ fìtílà. Ó rí i kedere: "Ẹ má wá lọ́la. Rárá. Ẹ má wá mọ́."

Ó parí. Igi kò ní í lọ. Ọkàn rẹ̀ wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́ta.

Ọ̀gá àti Ìyá Onígbálẹ̀ kò tíì ṣe tán o. Wọ́n ti dìde, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ wàràwàrà, ọ̀kan ń na ìka síbí, èkejì ń na ìka sọ́hùn-ún, wọ́n ń jiyàn bóyá tibí ni tàbí tọ̀hún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti jìnnà sí fìtílà, kò rí ẹnu wọn mọ́. Ó bèèrè pé, "Mélòó ni?" Bóyá ohùn rẹ̀ kéré jù ni, òun kò mọ̀. Ó tún un bèèrè. Wọn kò yíjú.

Kò bèèrè mọ́. Ó jókòó sórí ìtì igi náà, ó ń wo ẹ̀yìn wọn. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, kò tíì dá wà tó báyìí rí.